Ẹ Má Dẹ́bi fún Bíréènbọ́ọ̀sì

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí mọ́tò tó ti lé lógún ọdún bá kọ̀ láti ṣíná láàárọ̀, ìdájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó bá dúró yí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká. Èkíní ni, "Ọ̀gá, bíréènbọ́ọ̀sì ti mumi," ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni, "Wáyà inú ẹ̀ ti gbó, ẹ jẹ́ ká fa tuntun látòkè délẹ̀." Ẹ̀kẹta ni ti aládùúgbò tó ń kọjá lọ, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí fíúsì wà: "Ẹ tà á, kẹ́ ẹ sinmi. Omi tó bá ti kan iná mọ́tò àgbà, kò sí àtúnṣe ńbẹ̀ mọ́."

Ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo fẹ́ bá jà. N kò sọ pé omi kì í ba iná mọ́tò jẹ́. Ó ń bà á jẹ́ gan-an. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdájọ́ wọ̀nyí ti ń jáde kí ẹnikẹ́ni tó wádìí ọ̀nà tí omi gbà wọlé. Ẹni tí kò bá sì mọ ọ̀nà omi, kò tíì mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà. Ó lè pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, òjò tó ń bọ̀ á tún bá a níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé àìsàn náà jọ iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí. Ẹ tẹ búréèkì, iná tíráfíkétọ̀ ń ràn bàìbàì. Ẹ tan iná iwájú, abẹ́rẹ́ tó ń ka epo fò sókè. Gíláàsì fèrèsé ń sọ̀ fúnra ẹ̀ lóru, àlámù ń ké tí kò sólè. Oòrùn yọ, gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa wa mọ́tò dé ọ̀dọ̀ rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́. Ohun tó bá ń bá òjò wá, tó ń bá oòrùn lọ, tẹ́nikẹ́ni kò rí mú, ó rọrùn láti sọ pé inú àpótí tí a kò lè tú wò ló fi ṣelé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ẹ̀ ló nídìí. Ẹ wo iná ẹ̀yìn mọ́tò. Gílóòbù ibẹ̀ ń gba iná láti ara wáyà kan, ó sì ń dá a padà sára bọ́dì nípasẹ̀ wáyà mìíràn tí àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì. Gílóòbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń pín áàtì kan lò. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ojú bóòtù áàtì náà, iná tí ẹsẹ̀ yín rán sí gílóòbù búréèkì kò ní rí ibẹ̀ gbà padà mọ́. Á wá gba inú gílóòbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kọjá, á rìn dé ibi tí wáyà onítọ̀hún ti ní áàtì mìíràn, á sì tan ohun tẹ́nikẹ́ni kò pè. Bóòtù kan tó dípẹtà ló fa gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní gbé ojú sókè sí dáṣíbọ́ọ̀dù rárá. Búùtù ni yóò ṣí.

Omi òjò fúnra ẹ̀ kì í gbé iná dáadáa. Iyọ̀, eruku àti ìdọ̀tí tó bá pò mọ́ ọn lójú títì ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń gbé e. Pẹ̀lú fọ́ltì 12 péré, omi tó ta sára wáyà lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó ń pa mọ́tò àgbà ni omi tó ti ń wọlé láti ọdún pípẹ́, tó ń gbẹ, tó tún ń padà wá. Níbi tí iná bátìrì bá ń wà tọ̀sántòru, tí ọ̀rinrin sì wà láàárín ẹ̀ àti áàtì, iná náà á máa yọ́ bàbà tó wà lápá pọ́sítíìfù díẹ̀díẹ̀, kódà nígbà tẹ́ ẹ ti pa mọ́tò tẹ́ ẹ sì ti lọ sùn. Ohun aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ ń rí nínú ẹnu wáyà ni bàbà tó ti jẹrà. Oòrùn lè gbẹ omi, àmọ́ kò lè dá bàbà tó ti lọ padà. Ẹni tó gbé mọ́tò sóòrùn, tó ní ó ti san, ọjọ́ àìsàn ló sún síwájú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìdájọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bẹ̀rẹ̀ látorí bíréènbọ́ọ̀sì, torí òun ló gbówó lórí jù.

Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Nínú Toyota Camry 2002 sí 2006, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, ẹ̀yìn pígínhóòlù ni wọ́n fi bíréènbọ́ọ̀sì sí, níbi tí omi ilẹ̀ kò ti lè tètè dé. Bí omi bá kàn án, òkè ló ti wá: létí gíláàsì iwájú tí wọ́n pààrọ̀ tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ kò mú, tàbí lábẹ́ wípà níbi tí ewé ti dí ojú ìsàn. Ẹni tó bá ní bíréènbọ́ọ̀sì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti mumi gbọ́dọ̀ lè nawọ́ sí ibi tí omi gbà. Bí kò bá lè nawọ́ sí i, ó ń méfò ni.

Volkswagen Passat tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990 títí dé 2005 ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Lábẹ́ bátìrì ẹ̀, nínú kòtò tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíláàsì iwájú, ihò ìsàn omi kan wà tí rọ́bà bo ẹnu ẹ̀. Ewé tó bá já bọ́ ń dí rọ́bà yẹn. Bí òjò ńlá bá dé, kòtò á kún, omi á gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú mọ́tò, á sì wọ́ lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ará Jámánì gbé àpótí tó ń darí gíláàsì, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti àlámù sí, tí wọ́n sì fi fóòmù tó ń mumi bí kànìnkànìn bò ó mọ́lẹ̀. Mọ́tò á wá máa ṣí fèrèsé fúnra ẹ̀ lóru. Wọ́n á ra àpótí mìíràn ní ọjà Ládìpọ̀ tàbí ní ọjà Àràròmí nítòsí Agodi Gate, wọ́n á dè é sójú ibi kan náà, lábẹ́ fóòmù tó ṣì tutù. Ewé ṣì wà nínú ihò. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ìpààrọ̀ bíréènbọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ sì tún lè bí wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó jáde láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni bíréènbọ́ọ̀sì wọn kì í gba kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Èyí tó jẹ́ tiwọn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá tú òmíràn lára mọ́tò ẹlòmíràn wá, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ títí wọn ó fi so kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà pọ̀ mọ́ ọn. Mọ́tò tó wá nítorí fèrèsé tàbí nítorí iná ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò kú á wá di mọ́tò tí kò ṣíná rárá, olówó ẹ̀ á sì máa wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kiri.

Àwọn kan á ní, "A ti fi scanner wò ó, ohun tó sọ fún wa la ṣe." Scanner kò sọ fún yín pé ẹ ra nǹkan. Kóòdù tó gbé jáde ń sọ pé bíréènbọ́ọ̀sì kò gbúròó dáadáa láti ọ̀nà kan. Ọ̀nà yẹn ní sẹ́ńsọ̀ ní ìpẹ̀kun kan, bíréènbọ́ọ̀sì ní ìpẹ̀kun kejì, wáyà gígùn láàárín, ẹnu ìsopọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àti áàtì. Ẹni tó bá ka kóòdù tó sì lọ ra sẹ́ńsọ̀ ti mú ọ̀kan nínú àwọn afurasí márùn-ún, ó ti jù ú sẹ́wọ̀n, kò bi àwọn tó kù léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí omi sábà máa ń kọ́kọ́ mú wà níta gbangba. Nínú àwọn mọ́tò tó ṣì ń lo distributor láti pín iná fún púlọ́ọ̀gì, bíi Peugeot 504 tàbí Honda Accord oní-sìlíńdà mẹ́rin ti 1998 sí 2002, fọ́ltì tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì lè lé ní 20,000. Iná tó lágbára tó báyìí kì í wá ọ̀nà gbòòrò; bí ọmọrí distributor bá ti sán tín-ín-rín, tàbí tí ara wáyà púlọ́ọ̀gì bá ti gbó, ọ̀rinrin lásán ti tó kó fò jáde lọ sára irin. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa kú nínú ìkùukùu, ọ̀sán pọ́n, ó dá. Àyẹ̀wò ẹ̀ kò gba owó. Ẹ dúró de alẹ́, ẹ ṣíná mọ́tò níbi tó ṣókùnkùn, ẹ rọra fi ike táwọn onídìrí fi ń fọ́n omi wọ́n ìrì sára wáyà náà láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń fò láti ibì kan síbì kan, ẹ ti rí olè náà. Ta ló ń ṣe èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ bíréènbọ́ọ̀sì?

Ó kan ìdájọ́ kejì: ẹ jẹ́ ká fa wáyà tuntun. Ó máa ń dùn létí, torí ó jọ pé ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ ṣiṣẹ́ tó jinlẹ̀. Iṣẹ́ tó ń pa ẹ̀rí rẹ́ ni. Wáyà tí wọ́n fà láti ilé iṣẹ́ ní àwọ̀: dúdú tó ní ìlà funfun, pupa tó ní ìlà yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ wọ̀nyí ni ìwé ìtọ́nà mọ́tò ń tọ́ka sí. Òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò rí mọ́tò náà rí lè tẹ̀ lé wáyà kan láti fíúsì dé gílóòbù. Bí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n fi wáyà pupa kan náà rọ́pò gbogbo ẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè tọ ipa ẹ̀ mọ́, àfi ẹni tó fà á. Olówó mọ́tò ti di ìwọ̀fà rìwáyà kan ṣoṣo títí ayé mọ́tò náà. Tí wọ́n bá fà á tán, kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń so ó gan-an lẹ́jọ́ láti jẹ́. Wọ́n á hó ẹnu wáyà méjì, wọ́n á lọ́ wọn pọ̀, wọ́n á fi téèpù wé e. Téèpù kì í dí omi. Ó ń dá omi dúró sínú ni. Bàbà inú wáyà pọ̀ ní fọ́nrán tín-ín-rín, àyè tó sì wà láàárín fọ́nrán wọ̀nyí ń fa omi mu. Omi tó bá wọ ẹnu ìsopọ̀ kan lè rìn lábẹ́ rọ́bà wáyà lọ jìnnà, kó lọ jẹ bàbà níbi tójú kò ti lè rí i. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi wá iná ni tẹ́sítà ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́: wọ́n á gún rọ́bà wáyà ní ihò, iná á tàn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ihò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ihò yẹn ni òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò gbà wọlé. Ẹ̀yìn ẹnu ìsopọ̀ ló yẹ ká ti bọ abẹ́rẹ́, kì í ṣe ara wáyà. Bí ó bá sì di dandan kí a so wáyà, rọ́bà tó ń sún kì tí iná bá kàn án, tó ní gọ́ọ̀mù nínú, ni ká fi bò ó. Ká sì jẹ́ kí wáyà náà tẹ̀ kọdọrọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ àpótí, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó bá a wọlé.

Mo mọ èsì tí yóò tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá, a ti fi mítà wò ó. Ó dún. Wáyà yẹn dáa." Níbí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ti ń ṣìnà, torí náà mo fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Mítà tó ń dún "pííì" ń rán iná tó kéré gan-an gba inú wáyà kọjá. Bí wáyà bá ní ogójì fọ́nrán, tí omi ti jẹ mọ́kàndínlógójì, ẹyọ kan tó kù tó láti gbé iná mítà. Mítà á dún. Àmọ́ gílóòbù iwájú oníwáàtì 55 ń fẹ́ iná bí ámúpù mẹ́rin àbọ̀, ẹyọ fọ́nrán yẹn kò sì lè gbé e láìjẹ lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: bí ìpẹtà tó wà ní áàtì bá dènà iná ní ìwọ̀n ìdajì óòmù péré, bíi fọ́ltì méjì nínú méjìlá ló ń ṣòfò síbẹ̀. Iná iwájú á dà bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ tán. Ìdajì óòmù yẹn sì kéré débi pé ọwọ́ wáyà mítà olówó pọ́ọ́kú fúnra ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kà tó bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ tẹ́ ẹ gbójú lé kò lè rí ohun tẹ́ ẹ ń wá.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a wọn fọ́ltì tó ń ṣòfò nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ tan iná náà. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan ẹsẹ̀ áàtì gílóòbù, ẹ fi ìkejì kan orí négátíìfù bátìrì. Bí ọ̀nà náà bá mọ́, ohun tẹ́ ẹ máa kà kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju fọ́ltì 0.2 lọ, tí áàtì sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí i, bíi 0.1. Wáyà ńlá tó ń lọ sí kick starter lè dé 0.5 nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí fọ́ltì kan tàbí méjì, ẹ máa gbé ẹnu mítà sún mọ́ bátìrì, láti ibi ìsopọ̀ kan sí èkejì. Ibi tí nọ́ńbà náà bá ti já wálẹ̀ lójijì, àárín ibẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni àìsàn wà. Kò sí wáyà tí wọ́n gé, kò sí nǹkan tí wọ́n rà.

Bí bátìrì bá ń kú mọ́jú lẹ́yìn òjò ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni. Ẹ fi mítà sáàárín négátíìfù bátìrì àti wáyà ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró kí gbogbo àpótí inú mọ́tò sùn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ohun tó kù kò yẹ kó ju ámúpù 0.05 lọ. Bí ẹ bá rí ìdajì ámúpù, bátìrì oní-ámúpù-wákàtí 60 á gbẹ láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sì ní lè yí ẹ́ńjìnnì mọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ẹ wá máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí nọ́ńbà já wálẹ̀ ló ń bọ́ ẹni tó ń jẹun lóru. Ẹ lọ wo ibi tí wáyà ẹ̀ gbà. Ẹ máa rí ibi tó tutù.

Ìdájọ́ kẹta ló kù: ẹ tà á. Àwọn tó ń sọ èyí ní ẹ̀rí kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì, ìyẹn mọ́tò tí àgbàrá bò mọ́lẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2005, Sandy ní oṣù kẹwàá 2012, Harvey ní oṣù kẹjọ 2017, àìmọye mọ́tò ló sì wà nínú omi. Ní ilé wa níbí, Èkó rí tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011, Ìbàdàn sì rí tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Mọ́tò tí omi òkun bò dé dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun téèyàn ń rà, bó ti wù kó pọ́n tó. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kẹ́ ẹ wá ipa omi. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ wo bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún nígbà tí ara mọ́tò ń dán. Ẹ gbé táyà ìpààrọ̀ kúrò nínú búùtù, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ bóyá yanrìn kíkúnná kù síbẹ̀. Ìwádìí tí mo ń jà fún náà ni gbogbo èyí. Ẹni tó ní ká ta gbogbo mọ́tò àgbà tí omi kàn ń da èyí tó rì pọ̀ mọ́ èyí tí ewé dí ihò ìsàn omi ẹ̀. Èkíní lè ti kú; èkejì kò nílò ju kí a tọwọ́ bọ ihò, kí a kó ewé jáde.

Èyí tó bá sì rì lójú wa, ìwàǹwára ló ń pa á jù. Omi ń fà lọ tán, olówó ẹ̀ ti ń yí kọ́kọ́rọ́ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi àti iná tó bá pàdé ló ń jẹ bàbà. Àpótí tó rì láìsí iná lára ẹ̀ ṣì ní ìrètí bí a bá fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ ẹ̀ nù tí a sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí omi bá ti wọ inú sìlíńdà, yíyí tẹ́ ẹ bá yí i lè tẹ irin inú ẹ́ńjìnnì po.

Kí n má baà ṣe ohun tí mo ń bá àwọn ẹlòmíràn wí, mo ní láti sọ pé omi náà kọ́ ló máa ń jẹ̀bi gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹ wo ẹni tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí Third Mainland Bridge nínú òjò ìrọ̀lẹ́. Wípà ń ṣiṣẹ́, iná iwájú ń tàn, fáànù AC ń fẹ́ kí gíláàsì má baà bo, ẹ́ńjìnnì sì ń yí jẹ́jẹ́ tí alternator kò fi lè ṣe iná tó pọ̀. Bí àárẹ̀ bá ti mú alternator náà, bátìrì ló ń gbé ẹrù yẹn títí yóò fi dákú. Omi kò wọ ibì kankan. Fọ́ltì tó wà lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4, bó bá já sí méjìlá nígbà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, alternator tàbí wáyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bákan náà ni rìléè epo inú àwọn Honda àtijọ́, tí ooru máa ń sán lẹ́èdì inú ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ìyẹn ń kọṣẹ́, kì í ṣe òru òjò. Àkókò tí àìsàn ń dé jẹ́ ẹ̀rí, ẹni tó bá ti dájọ́ sílẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀rí.

Kí ló wá dé tí ìdájọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yìí fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọn a máa ní rìwáyà wa jẹ́ púrúǹtù tàbí gbájúẹ̀. N kò gbà. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ṣẹ́ kó tó ṣe fúrídọ̀mù kì í ṣe òmùgọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì lè fi etí lásán mọ rìléè tó ń ṣàìsàn. Àwa oníbàárà la kọ́ wọn ní ìdájọ́ yìí. Rìwáyà tó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tó tọ wáyà kan títí tó fi rí bóòtù tó dípẹtà, tó fi yanrìn pépà ha á mọ́, tó dè é padà, ẹ gbọ́ ohun tá a máa ń sọ fún un tó bá dárúkọ owó: "Bóòtù kan ṣoṣo yìí? Ṣé torí pé mo wọ aṣọ tó dáa ni?" Ẹni tó bá ní bíréènbọ́ọ̀sì ti kú, a kì í bá a jiyàn. A ń ná an díẹ̀, a ń sanwó, torí a rí ohun tí a gbé lọ́wọ́. Ẹrù ni à ń sanwó fún, a kì í sanwó fún ìmọ̀. Rìwáyà tó ní ọmọ nílé kò pẹ́ kó tó mọ èyí tó ń mú oúnjẹ wá nínú méjèèjì.

Àwọn kan á ní ìwádìí gbówó lórí ju mọ́tò àgbà lọ, pé ẹni tó ra mọ́tò ní owó pọ́ọ́kú kò lè máa sanwó wákàtí fún ẹni tó ń tọ wáyà. Ìṣirò yẹn kò gún régé. Bíréènbọ́ọ̀sì tó ti lò rí, owó ìsopọ̀ kọ́kọ́rọ́, wáyà tuntun, bátìrì tí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé wọn pé kì í ṣe òun: ẹni tó ní mọ́tò àgbà ló ń san gbogbo wọn, òun ló sì kéré lówó jù. Ìwádìí ni ohun tó kéré lówó jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè rà fún mọ́tò yẹn. Omi fúnra ẹ̀ sì ń ran olùwádìí lọ́wọ́. Bí omi tó wà níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ní àwọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ti rédíétọ̀ ni, kì í ṣe òjò. Bó bá mọ́ gaara, tó jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tan AC nìkan ló ń wá, ọ̀pá ìsàn AC ló dí. Bó bá jẹ́ ti òjò, kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì fi rọ́bà omi wọ́n ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, apá kan lẹ́ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí a bá da omi sórí òrùlé, gbogbo ibi ló máa ń tutù pọ̀, a kò sì ní mọ èyí tó jò.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ní mọ́tò àgbà ṣe kò ṣòro. Ẹ dá owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára owó àtúnṣe, kẹ́ ẹ sì bá rìwáyà fẹnu kò lórí ẹ̀ kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ san án pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bóòtù kan ló rí, torí ìmọ̀ bóòtù yẹn ló gba owó. Ẹ ní kó fi àìsàn náà hàn yín kó tó wò ó. Bó bá sì ní bíréènbọ́ọ̀sì ni, ẹ bi í pé ibo lomi gbà dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ ipa omi náà á mú yín lọ síbẹ̀, á gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, á tọ́ka sí i. Ẹni tí kò bá lè tọ́ka sí i, ẹ má sanwó bíréènbọ́ọ̀sì fún un.